Ọdẹ Tí Wọ́n Pè Ní Ahun Nítorí Ajá Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọdẹ, ajá rẹ̀ ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Oyèwùmí, má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ẹjọ́ ìyàwó rẹ tí o wá rò fún mi, mo sì máa dá ọ lóhùn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọdẹ yìí fún ọ, torí n kì í rántí ọkùnrin náà kí inú mi má dùn.

Ó ń lọ sínú igbó ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ilẹ̀ yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó já sínú kòtò kan tí koríko ti bò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ajá rẹ̀, abo ajá pupa kan tó ń jẹ́ Àdúrótì, wo inú kòtò náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì sáré lọ. Ọdẹ rò pé ó ti sá fi òun sílẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé ilé ló ń lọ. Ajá náà bá ìyàwó ọdẹ níbi tó ti ń tẹ ẹ̀bà, ó fi eyín mú etí ìró rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Obìnrin náà fi orógùn lù ú. Kò tú u sílẹ̀. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, kò tú u sílẹ̀. Ìgbà náà ni ọkàn obìnrin yìí sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eré. Ó ké sí àwọn ọkùnrin àdúgbò, ajá ń ṣáájú, wọ́n ń tẹ̀lé e, wọ́n sì fa ọdẹ jáde láàyè.

Ẹ̀ẹ́! Ajá ni mò ń sọ o. Àwọn kan wà tí a bí, tí a tọ́, tí a rán níléèwé, tí wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa.

Nígbà tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, ọdẹ pe gbogbo ará ilé jọ. Ó ní, "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹun nínú ilé yìí, kó fi òkèlè ìkẹyìn sílẹ̀ fún Àdúrótì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnu mi bá ń jẹ, ẹnu tirẹ̀ náà á máa jẹ." Gbogbo wọn ní àṣẹ. Ta ni kò ní ṣe àṣẹ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ilé wọn kì í ṣe ilé kékeré. Ọdẹ àti ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì àti ìdílé wọn, ìyá rẹ̀ àgbà, àti télọ̀ kan tó gba yàrá iwájú. Òkèlè kan kò jọ nǹkan kan lójú ẹni tó ń jù ú. Ṣùgbọ́n ẹni mọ́kànlá ni wọ́n, wọ́n sì ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Alápatà tó wà lódìkejì títì náà gbọ́ ìròyìn, ó ní ajá akọni ni, ló bá ń ju ọ̀rá ẹran sí i láràárọ̀. Ẹni tó bá wá kí ọdẹ kú ìrora á mú búrẹ́dì dání, á sì bù nínú rẹ̀ fún ajá. Olúkúlùkù ń fún un ní díẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ bí gbogbo díẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó.

Ẹsẹ̀ náà pẹ́ kó tó san. Ọdún méjì gbáko ni ọdẹ fi ń tiro káàkiri àgbàlá, Àdúrótì sì jókòó tì í. Ajá tó máa ń la oko mẹ́ta kọjá kí oòrùn tó mú, kò rìn ju láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ igi máńgòrò mọ́. Irun rẹ̀ ń dán. Ọrùn rẹ̀ ń ki. Inú ọdẹ ń dùn, torí àwọn èèyàn ń yìn ín. Ìwọ náà mọ̀ wá bí a ṣe rí. Bí ajá bá rù, olówó rẹ̀ là ń bú. Bó bá sanra, a ó ní, "Háà, ọdẹ, ẹ mà mọ oore o! Ọlọ́run á dá a sí." Orí ọdẹ á wú.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sọ bẹ́ẹ̀. Opó kan ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tiwọn, àgbàlagbà obìnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń kọjá lọ, ó dúró, ó wo Àdúrótì láti òkè, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó wá ní, "Ọdẹ, ajá yìí sanra jù o." Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò ṣàdúrà lé e. Kò ní Ọlọ́run á dá a sí. Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun ọdẹ dé egungun. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ṣé o gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn sọ? Ojú burúkú ló fi ń wo ajá mi. Ẹnu rẹ̀ kò dára."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹsẹ̀ ọdẹ sì ti gbé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó súfèé pe Àdúrótì. Gbogbo ilé jáde wò wọ́n, wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Kí wọ́n tó kọjá ilé tó kẹ́yìn ìlú, ahọ́n ajá ti jáde. Kí wọ́n tó dé oko kajú, ó ti ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Ọdẹ pè é, kò dìde. Ó bẹ̀ ẹ́, kò dìde. Ó fẹ́ gbé e, kò lè gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àgbẹ̀ méjì tó ń bọ̀ pẹ̀lú bárò. Wọ́n jọ tì í sínú rẹ̀. Ọdẹ tó jáde lọ pẹran, ajá ló bá wọ̀lú nínú bárò, lójú gbogbo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Wọ́n délé, ẹnu gbogbo ilé kò: májèlé ni. Ẹnì kan sáré gbé epo pupa wá. Wọ́n ya ajá lẹ́nu, wọ́n da ife kan sí i. Àdúrótì gbé e mì, ó sì lá ẹnu. Ó tún ń wo ife náà! Ẹ gbà mí, ajá tó jẹ májèlé wo ló tún ń béèrè òmíràn? Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ronú nígbà náà? Wọ́n tún da ife kejì, èyí tó ṣẹ́kù sì dà sílẹ̀.

Ọdẹ kò dúró wo ife kẹta. Ó lọ dúró níwájú ilé opó náà, ó sì pe obìnrin tó lè bí i ní ìwọ. "Ìwọ obìnrin yìí, jáde wá! Kí ni ajá mi fi ṣe ọ́? Ìwọ lo fẹnu burúkú sí i. Bó bá kú, èmi àti ìwọ ni!" Ohùn rẹ̀ ń já bó ṣe ń pariwo. Ẹ̀rù ló ń bà á ju inú tó ń bí i lọ. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ikú ló ń kú lọ lójú rẹ̀, kò sì mọ ohun tó lè ṣe sí i.

Oyèwùmí, bó bá jẹ́ èmi ni, omi tí mo fi fọ àwo ni ǹ bá kọ́kọ́ dà lé e lórí. Obìnrin náà jáde, ó wò ó, ó béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ó ṣì ń mí?" Ọdẹ ní ó ń mí. Ó kọjá lára rẹ̀, ó wọ àgbàlá wọn lọ, ó sì kúnlẹ̀ ti ajá. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn! Ó lè dúró gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò ná, ẹjọ́ rẹ̀ á sì tọ́. Ajá ló kọ́kọ́ rò.

Ó ní kí wọ́n gbé epo kúrò. Ó ní kí wọ́n gbé ajá sábẹ́ ibòji, kí wọ́n bu omi tútù wá. Ó fi omi náà pa ikùn rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ èémí ajá ń rọlẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀ tán, obìnrin náà kò tíì dìde. Ó ní, "Ọdẹ, wá. Mú ọwọ́ rẹ wá."

Ọdẹ na ọwọ́ sí i.

"Di ìkúùkù. Fi ọwọ́ kejì pa orí kókó ìka rẹ wọ̀nyẹn. O rí bí egungun ṣe yọ gọngọ? Bí o bá fọwọ́ pa ìhà ajá tó rí báyìí, ebi ń pa ajá náà."

Ó ní kó tẹ́ ọwọ́ náà, kó pa ẹ̀yìn rẹ̀. "Egungun wà lábẹ́ awọ, àbí? Ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò gún ọ. Bí ìhà ajá tí ara rẹ̀ dá ṣe ń rí nìyẹn."

Ó yí ọwọ́ ọdẹ padà. "Wá pa àtẹ́lẹwọ́, níbi ìsàlẹ̀ àwọn ìka. Egungun dà?"

"Ẹran ti bò ó, mà."

Ó ti di "mà" báyìí o! Ẹni tó ń ké "ìwọ" lójú títì.

"Ó dáa. Fọwọ́ pa ìhà ajá rẹ."

Ọdẹ fọwọ́ pa á. Ó pa á lọ, ó pa á bọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ẹni pé egungun lè ti ṣí lọ síbẹ̀. Ọwọ́ kan náà tó ti ń fi pa Àdúrótì lórí láti ọdún méjì yìí wá, kò tíì gbé e dé ìhà rẹ̀ rí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Àtẹ́lẹwọ́ ni, mà."

"Dìde dúró, kí o wò ó láti òkè. Lẹ́yìn tí ìhà bá parí, ó yẹ kí ara wọnú díẹ̀ níbi ìbàdí. Ṣé ó wọnú?"

"Rárá, mà. Ó yọ síta."

"Bẹ̀rẹ̀, kí o wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kí ikùn máa gòkè bó ṣe ń lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ṣé ó ń gòkè?"

"Ilẹ̀ ló ń lọ."

"Kò sẹ́ni tó fún ajá yìí ní májèlé," ni obìnrin náà wí. "Oúnjẹ ni. Ọkàn kan ṣoṣo ló ń ru ẹrù ajá méjì. Bẹ́ ẹ bá ń bá a lọ báyìí, òjò tó ń bọ̀ kò ní bá a láyé."

Ìyá ọdẹ ké láti orí àga rẹ̀, "Oúnjẹ kẹ̀! Láti ìgbà wo ni oúnjẹ ti ń pa ajá?"

Gbogbo ilé ń wo ọdẹ. Ibí yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn òun náà. Ó lè ní màlúù ni obìnrin náà mọ̀, kò mọ ajá. Ó lè ní ajá tòun ni. Ìwọ àti èmi mọ àwọn tí ìbá sọ ọ́. Ọkùnrin yìí gba ohun tí ọwọ́ rẹ̀ sọ fún un gbọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tó bú, nínú epo pupa tó dà sílẹ̀. "Ẹ forí jì mí, mà. Ẹ sọ ohun tí màá ṣe." Nígbà tó dìde, iwájú dàńṣíkí rẹ̀ pupa látòkè délẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àfi télọ̀.

Obìnrin náà lọ mú abọ́ kékeré kan wá láti ilé rẹ̀. Ó ní, "Ẹnì kan ni kó máa bọ́ ọ. Abọ́ yìí láàárọ̀, abọ́ yìí nírọ̀lẹ́. Kò sí ọ̀rá, kò sí òkèlè kankan láàárín abọ́ méjèèjì. Má sì febi pa á o. Díẹ̀díẹ̀ ló fi sanra, díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi fọn. Máa mú un rìn nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, ibi tí èémí rẹ̀ bá gbé e dé ni kẹ́ ẹ ti padà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí o fọwọ́ pa ìhà rẹ̀."

Bí ìyà ọdẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Alápatà bínú, ó ní, "Ṣé ọ̀rá tèmi ló wá di àrùn?" Ìyá rẹ̀ ju òkèlè sábẹ́ àga, ọdẹ ṣà á, ó lóṣòó, ó dá a padà sínú àwo rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, màámi, ẹ má bá mi pa á." Ìyá náà kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Télọ̀ ń ròyìn fún gbogbo oníbàárà tó bá wá wọn aṣọ. Láìpẹ́ ìròyìn ti kárí àdúgbò: ọdẹ ti di ahun. Bó bá ń mú ajá rìn, wọ́n á máa sọ ọ́ kó lè gbọ́. "Ẹ wò ó, ajá tó yọ ọ́ nínú kòtò ló ń febi pa." Ẹnì kan tilẹ̀ pè é ní aláìmoore. Èyí ló dùn ún jù. Ìdí tó fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ gan-an, òun ni wọ́n ní kò sí lọ́kàn rẹ̀. Ó fẹ́ dúró ṣàlàyé, ó fẹ́ na ìkúùkù sí wọn kó ní kí wọ́n pa kókó ìka. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnu ayé tilẹ̀ sàn. Ojú ajá ńkọ́? Bí ọdẹ bá ti jókòó sídìí oúnjẹ, Àdúrótì á gbé àgbọ̀n lé e nítan, á sì wò ó lójú, kò ní gbó, kò ní ké. Ẹni tí kò bá tíì rí irú ojú yẹn rí, kó má bú ẹni tó ṣubú níwájú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọdẹ bu iṣu kan fún un. Ó tún bu òmíràn. Nígbà tó máa fi mọ̀, àwo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá opó náà, kò sẹ́ni tó pè é, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà ń gbálẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Tòní ńkọ́?" Ó sì ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Jímọ̀ kan, kò sí nǹkan kan lábẹ́ ọwọ́. Jímọ̀ kejì, kò sí. Ìkarùn-ún, kò sí, ìyàwó rẹ̀ sì ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ jàre, kí àwọn náà lè rójú gba àárín ìlú kọjá. Kò fi sílẹ̀. Ní Jímọ̀ kẹsàn-án, bó ṣe pa ìhà ọ̀tún, ìka rẹ̀ kan nǹkan. Ó rí bí ẹni fọwọ́ pa ẹní lábẹ́ aṣọ ìbora. Kò gba ara rẹ̀ gbọ́. Ó pa ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún pa ajá, ó tún pa ẹ̀yìn ọwọ́. Ló bá fi igbe ta. "Ẹ jáde wá o! Ìhà Àdúrótì! Ìhà Àdúrótì!" Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde tòun ti orógùn, ó rò pé ìhà ajá ti ṣẹ́ ni. Ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tí omijé ń dà lójú rẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì jọ padà sínú igbó. Ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà káàánú wọn, ó ní, "Ọdẹ, ajá yín mà rù o." Ọdẹ ní, "Ó rù, ẹ ṣeun o." Kò lè dúró sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí Àdúrótì ti wọ igbó lọ jìnnà, ó ń gbó pé kó yára máa bọ̀.

Ìtàn ọdẹ parí síbẹ̀. Oyèwùmí, mi ò fi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ wé ajá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Apá mi ni ọmọ yẹn wà lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló rán ọ níléèwé, o sì ṣèlérí pé ojú kò ní pọ́n ọmọ rẹ̀. O mú ìlérí ṣẹ, mo sì ń fi ọ́ yangàn. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, kò fọ abọ́ kan rí. Iléèwé mẹ́ta lo ti mú un kúrò nítorí olùkọ́ bá a wí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bú ìyàwó rẹ lójú àlejò, o sì ra fóònù fún un kó má baà sunkún. O wá jókòó síwájú mi, o ní ìyàwó rẹ kórìíra ọmọ òrukàn, torí ó ní kó máa fọ àwo tó bá fi jẹun.

Ìyàwó rẹ ti fọwọ́ pa ọmọ náà níhà. Ìwọ kò tíì dán an wò. Ò ń bẹ̀rù ọjọ́ tí àdúgbò máa sọ pé o ń fìyà jẹ ọmọ òkú. Wọ́n á sọ ọ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n á sọ ọ́ kó dé etí rẹ, ó sì máa dùn ọ́. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ kò fi ọmọ sílẹ̀ fún ọ kí àdúgbò lè máa yìn ọ́.

Dìde, máa lọ sílé. Bẹ ìyàwó rẹ, kí ọmọ náà sì gbọ́ bí o ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹun tán lónìí, ní kó gbé àwo rẹ̀ lọ sídìí omi. Ó máa sunkún. Gbé àpótí, kí o jókòó tì í títí á fi fọ̀ ọ́ tán, má sì bá a fọ̀ ọ́.